Wọ́n Sin Ìwé Mi, Wọ́n Ní Kí N Wá Dúpẹ́

Kí n wá ṣe kí ni? Kí n wá dúpẹ́? Ìyá Àfúsá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, bóyá etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Ẹ ránṣẹ́ pè mí, mo sáré wá, mo rò pé ẹ ti bá mi gba ìwé mi padà ni, àṣé ẹ fẹ́ kí n jókòó de Bàbá Alfa ọkọ yín títí wọn á fi ti Jímọ́ọ̀ dé, kí n kúnlẹ̀, kí n ní ẹ ṣeun, sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kó làálàá ọdún méjì àbọ̀ mi, ẹ lọ sin ín bí ẹni sin òkú? Èmi Rodiat? Áà! Wọ́láhì, ẹnu mi kò gbà á.

Mi ò jókòó. Ẹ má fún mi lómi. Ẹ jẹ́ n wà lóòró báyìí, nítorí bí mo bá jókòó màá sunkún, mi ò sì fẹ́ sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró yín, àwọn oníbàárà yín á ní ẹ na ọmọ yín tó ń kọ́ni ní yunifásítì.

Kí n rọ ohùn mi sílẹ̀? Ṣé ohùn mi ló burú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí? Ọjọ́ méjì péré ni mo fi lọ o! Wásinmi ni mo lọ, ọmọ àbúrò màámi ló bímọ, mo lọ bá wọn sọmọ lórúkọ, mo sùn níbẹ̀, mo padà dé láàárọ̀ yìí. Mo wọ pálọ̀, mo wo tábìlì, tábìlì ń dán. Wọ́n ti nù ún! Wọ́n tẹ́ aṣọ tábìlì sí i! Mo ní, "Àfúsá, ìwé mi dà?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti bá yín sin wọ́n." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni pé wọ́n bá mi fọ aṣọ.

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Ìgbà tí ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́, Bàbá á máa wọ ilé kiri nínú agboolé, wọ́n á ní ta ni Kùránì rẹ̀ ti ya, ta ni bébà kéú rẹ̀ ti gbó, kí ó kó o wá, kí ẹnì kan má baà fi orúkọ Ọlọ́run di mọ́ínmọ́ín. Wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n á gbé e lọ sin síbi tó mọ́, tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀. Ohun tó dára ni. Èmi fúnra mi ti ru ẹrù náà tẹ̀lé wọn rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Èmi kọ́ ni màá ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe Kùránì, Ìyá! Ìwé iṣẹ́ ni! Torí pé ikán ti ń gba ògiri yàrá mi ni mo ṣe kó o sí pálọ̀, mo sá fún ikán, mo kó o lé Alfa lọ́wọ́.

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti sọ ọ́. Wọ́n rí Bísímílàhí lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ó sì wà ní ojú ewé tó lé ní ogójì. Bébà ọ̀hún sì ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òótọ́ tún ni. Orúkọ Ọlọ́run lórí bébà tó ti ya, ta ni kò ní sin ín? Bí èmi náà bá jẹ́ Alfa, mo lè sin ín! Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún mi mọ́ ògiri? Ẹni tó ṣẹ̀ mí kò dẹ́ṣẹ̀. Mi ò tiẹ̀ lè bínú kí inú mi balẹ̀. Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní Rodiat ò mọ iyì orúkọ Ọlọ́run. Bí mo bá dákẹ́, ikùn mi á bẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yéé sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ìwé àwọn Júù ni mò ń kà, kí wọ́n sì máa wò mí tẹ̀rù-tẹ̀rù. Nígbà kan, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí, àwọn Júù wà ní Káírò, Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bí Bàbá ṣe máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ṣé ó yé yín? Àwọn Júù yìí kì í ju bébà tí orúkọ Ọlọ́run wà lórí rẹ̀ nù. Wọ́n ní ihò kan lára ògiri ilé ìjọsìn wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń tì í sí de ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín. Wọ́n tì í, tì í, tì í, àtọmọdọ́mọ, títí kan lẹ́tà ọjà, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹjọ́, gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí àwọn òyìnbó wá débẹ̀, wọ́n kó o, wọ́n tú u ká. Ìdajì lẹ́tà kan á wà nílùú kan, ìdajì kejì á wà lẹ́yìn òkun. Iṣẹ́ wa ni kí á mọ èyí tó jẹ́ ti èyí. Ìdí tí bébà mi fi ya nìyẹn o! Mo ṣe fótókópì wọn, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ibi tí ojúlówó ti ya gẹ́lẹ́, mò ń gbé e sún mọ́ ara wọn lórí tábìlì, bóyá etí wọn á bára mu. Àwọn Bísímílàhí yẹn, àwọn Júù ọ̀hún náà ló ń fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, èmi sì tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá kí n lè tètè rí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dun mí jù. Aláró ni! Ọkùnrin tí lẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, aró ló ń tà, aró yìí náà tí ẹ ń rò yìí. Ó kọ̀wé sílé pé aró tí wọ́n fi ránṣẹ́ sóun kò mu aṣọ, pé ó ń ṣí, pé kí wọ́n bá òun sọ fún ẹni tó pò ó pé kó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìgbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ìyá Àfúsá rèé! Ibẹ̀ ni bébà sì ti ya. Gbogbo ẹni tó ti kà á láyé, ibẹ̀ ló ti dúró, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ tẹ̀lé e. Èmi rí ìdajì kejì! Èmi! Nínú ọ́fíìsì tí fáànù rẹ̀ kò yí, mo ń wo àwòrán lẹ́yìn àwòrán lórí ayélujára pẹ̀lú dátà tí mo yá lọ́wọ́ Harriet tí a jọ ń lo ọ́fíìsì, mo rí bébà kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, mo gbé e wò, ó wọnú ara wọn bí eyín. Ọkùnrin náà ní òun wà ní etíkun, òun kò lè wá sílé nítorí aró tí kò tà, òun kò sì lè dúró níbẹ̀ nítorí òun kò mọ ẹnì kankan. Ó ní, "Mi ò mọ ibi tí mo lè yí ojú sí." Mo kígbe débi pé Harriet rò pé ejò ló wọlé.

Nọ́ńbà àwòrán yẹn ni mo ń wá, Ìyá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwòrán tó wà níbẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Inú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tó wà láàárín àwọn bébà tí wọ́n sin yẹn nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Kọ̀ǹpútà! Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Kọ̀ǹpútà tèmi ti fọ́jú láti oṣù kọkànlá, dúdú ni ojú rẹ̀ ń hàn. Ti ọ́fíìsì ńkọ́? Ọ̀gá dípátímẹ́ǹtì wa mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹ rántí ìwé tí mo kọ lọ́dún tó kọjá? Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ tirẹ̀ ló ṣíwájú, orúkọ ẹnì kan tí mi ò rí rí ló tẹ̀lé e, èmi tí mo kọ ọ́ ni mo gbẹ̀yìn. Ìyẹn ni mo ṣe ní ti èyí, ọwọ́ ni màá fi kọ ọ́, ilé ni màá gbé e sí, láàárín àwọn ènìyàn mi, níbi tí ọkàn mi ti balẹ̀. Ó mà ṣe o! Mo sá fún olè, mo lọ bá olóore.

Kí n fi fóònù yà á? Fóònù wo? Fóònù tó ti kún fún àwòrán àdìrẹ yín! Ẹ̀yin náà ni ẹ ní, "Rodiat, bá mi ya èyí, bá mi gbé e sí Wáásáàpù, oníbàárà kan ní Èkó fẹ́ rí i." Ìgbà tí mo fẹ́ ya ìwé mi, fóònù ní kò sí àyè. Mo ní màá pa díẹ̀ rẹ́, mo ní tí mo bá ti Wásinmi dé. Kí ni mo tún lè sọ?

Ẹ má sọ pé ìwé lásán ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo jó nínú àgbàlá yìí, tí ẹ ní ṣé ọkọ ló dé ni? Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú mi fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣètò fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa àwọn Júù. Èèyàn méjìlá ni wọ́n mú ní gbogbo ayé, èmi nìkan ni wọ́n mú ní Nàìjíríà. Gbogbo Túsìdeè ni a ń pàdé lórí Súùmù. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé wáṣẹ́, bí a ṣe ń sọ ìwé oyè di ìwé tí ayé á rà, bí a ṣe lè fi ìṣẹ́jú méjì sọ iṣẹ́ wa fún ẹni tí a bá pàdé nínú lífítì. Mo ní lífítì wo? Ní Ìtòkú? Ìyá kan tó ń bójú tó mi níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Miriam, Júù gidi ni, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé bí mo bá rí ohun tuntun, kí n má fi han ẹnikẹ́ni títí yóò fi dá mi lójú. Mo sì gbọ́ràn! Ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ tó gbọ́ràn, kó wá wò mí báyìí.

Túsìdeè tó ń bọ̀ ló parí. Oníkálukú á mú ohun kan ṣoṣo tó rí wá síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, ẹni tí wọ́n bá mú nínú wa á lọ lo oṣù mẹ́fà ní ilé ìkàwé tí àwọn bébà wọ̀nyẹn wà gan-an. Èmi ni Miriam ń fojú sí lára. Bí mo bá lọ, ó di dandan kí yunifásítì gbà mí síṣẹ́ tààrà. Bí mi ò bá lọ, wọn kò ní sọ àdéhùn iṣẹ́ mi dọ̀tun ní oṣù kẹfà, mo sì ti parí nìyẹn. Ta ló tún máa gbà mí? Ẹ̀ka Lárúbáwá ní kí n lọ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní kí n lọ bá àwọn Lárúbáwá. Ọ̀gá ní, "Mùsùlùmí tó ń ka ìwé Júù, ibo la fẹ́ fi ẹ́ sí?" Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń gbé áńkáṣíìfù wá kí n bá wọn fi Hébérù kọ orúkọ Ọlọ́run sí i. Ní mọ́sáláṣí, wọ́n ń bi ara wọn bóyá mo ti yí padà. Ẹ̀yin náà bi mí rí, Ìyá, lọ́jọ́ Iléyá, ẹ rò pé mo ti gbàgbé? Ó dùn mí.

Mi ò ní í sọ fún Miriam. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sin iṣẹ́ mi? Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ ló ní ìtàn lẹ́nu, èmi náà ti gbọ́ tiwọn. Wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní ó ṣeni láàánú, wọ́n á kọjá sí ẹni tó kàn. Àti pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ òní, Miriam á pa fóònù, ọjọ́ ìsinmi wọn ti wọlé, kò tún ní í tàn án títí di alẹ́ ọ̀la.

Bàbá Alfa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níkùn mi. Ìgbà tí bàbá mi kú, tí gbogbo agboolé ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ, ta ló ní rárá, ọmọ yìí á kéú? Àwọn ni. Ta ló di ọwọ́ mi mú lórí wàláà, álífù, bááù, tááù? Àwọn náà ni. Bí kì í bá ṣe tiwọn, mi ò ní í mọ ohun tí aláró Káírò yẹn ń sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbójú sókè bá wọn jà? Mo bá wọn ní ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, wọ́n ń lọ sí Jímọ́ọ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni?" Wọ́n fọwọ́ bà mí lórí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti ṣàdúà sí i, gbogbo ẹ̀san rẹ̀, orúkọ tìrẹ ni mo kọ ọ́ sí." Orúkọ tèmi! Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnì kan máa fi orúkọ mi ṣíwájú iṣẹ́ mi!

Ó dáa. Ẹ gbọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Àfúsá ní ẹ tẹ̀lé wọn, pé ẹ̀yin lẹ gbé kẹ́tùlù. Ẹ mọ ibẹ̀. Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí. Màá kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ lásán ni màá fi lọ, màá rọra wú u, ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn nìkan ni màá yọ, màá fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, màá sì tún ilẹ̀ bò dáadáa. Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Bébà tí àwọn Júù fẹ́ sin, ṣé kì í ṣe àìsin ín ló jẹ́ kí á mọ̀ pé ọkùnrin yẹn gbé ayé rí?

Kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀? Ìyá Àfúsá. Ẹ fi aró yẹn sílẹ̀, ó ti rò tó. Ẹ wo ojú mi.

Ibo? Ìpìlẹ̀ wo? Ti mọ́sáláṣí tuntun? Ṣé lábẹ́ ògiri iwájú, ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí? Ó dáa, kòtò lásán ṣáà ni, mo rí i níjẹta, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, n ó bọ́ sínú rẹ̀...

Ẹ ní kí ni? Àwọn bíríkìlà ti wá? Láàárọ̀? Wọ́n ti da kọnkéré sí i?

Sùbúhánálláhì.

Hẹ̀. Hẹ̀ hẹ̀! Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má dì mí mú, orí mi ò yí. Ẹ̀rín ni. Ẹ ò rí i ni? Àwọn Júù ti tiwọn sínú ògiri ilé ìjọsìn, Bàbá Alfa náà ti tèmi sábẹ́ ògiri ilé ìjọsìn! Bí wọ́n bá wó mọ́sáláṣí yẹn ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè á bá a níbẹ̀, Hébérù, Lárúbáwá, Yorùbá, gbogbo ẹ̀ lójú bébà kan náà, àti ibi tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n ra ewé ẹ̀lú bọ̀ fún yín. Á ní Júù ti gbé Ìtòkú rí! Á ní inú mọ́sáláṣí ni wọ́n ti ń pò aró! Wọ́n á pèpàdé, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lójijì, kò ní í bẹ ọ̀gá kankan. Áà, Rodiat, o fún ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, ìwọ fúnra rẹ ò ríṣẹ́.

Ẹ má bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti tó.

Mi ò lè wó mọ́sáláṣí. Mi ò lè sọ fún ọ̀gá, mi ò lè sọ fún Miriam, mi ò lè bá Alfa jà. Ṣùgbọ́n àwòrán wọ̀nyẹn ṣì wà lórí ayélujára, mo sì mọ bí ìdajì yẹn ṣe rí, mo mọ etí rẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú yín. Òní Fúráìdeè. Ẹ kó aṣọ tútù yẹn kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ yá mi ní fóònù ńlá yín tí ẹ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ya àwòrán, títí di Túsìdeè, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi tún tábìlì ṣe. Kí Alfa má jókòó sí pálọ̀ kí wọ́n máa retí ọpẹ́. Inú yàrá yẹn ni kí wọ́n ti wá bá mi. Lẹ́tà Hébérù tó wà nínú àwòrán wọ̀nyẹn, bí mo bá ń kà á sókè, Lárúbáwá ni wọ́n máa gbọ́, ó máa yé wọn ju bó ṣe yé mi lọ. Èmi á máa kà, wọ́n á máa tẹ́tí, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, títí a ó fi gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn. Àwọn ló sin ín, àwọn ló máa bá mi wú u. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù báyìí, ẹ ní kí wọ́n ti mọ́sáláṣí máa bọ̀ tààrà, kí wọ́n sì mú awò ojú wọn dání.